Ìmọ́lẹ̀ Orí Koríko

Ìròyìn kò tó àfojúbà: bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òwe yìí kò dárúkọ, èyí ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi ojú ba nǹkan lójoojúmọ́ tí wọn kò sì rí i. Ẹ bi ọmọ ilé-ìwé kan léèrè pé irú àwọ̀ wo ni òjìji igi máńgòrò tí ó wà lẹ́yìn ilé-ìwé rẹ̀ ní. Yóò dáhùn kíá pé dúdú ni, kò sì ní dìde lọ wò ó. Bí ó bá dìde lọ wò ó ní ìyálẹ̀ta, nígbà tí oòrùn kò tí ì kan àtàrí, yóò rí i pé òjìji náà dà bí osùn tí a lọ̀ mọ́ èédú lórí ilẹ̀ pupa, ó sì dà bí aṣọ àyìnrín lára ògiri funfun. Bí ó bá tún padà lọ ní ìrọ̀lẹ́, àwọ̀ mìíràn ni yóò bá níbẹ̀. Èmi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà àti àwòrán yíyà láti ọdún pípẹ́ wá mọ èyí dájú, nítorí mo ti bi wọ́n léèrè nígbà púpọ̀, ìdáhùn kan náà ni wọ́n sì máa ń fún mi. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé ọ̀wọ́n nípa ọkùnrin kan tí ó fi ohun tí ó ju àádọ́rin ọdún lọ ṣe iṣẹ́ dídìde lọ wò ó. Orúkọ rẹ̀ ni Andrew Wyeth, ará Amẹ́ríkà.

A bí i ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, ọdún 1917, ní abúlé Chadds Ford ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ márùn-ún. Baba rẹ̀, N. C. Wyeth, jẹ́ ayàwòrán tí òkìkí rẹ̀ kàn. Òun ni ó ya àwọn àwòrán inú ìwé Treasure Island tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1911. Andrew kì í ṣe ọmọ tí ara rẹ̀ le, nítorí náà ilé ni a ti kọ́ ọ ní ìwé, baba rẹ̀ ni ó sì kọ́ ọ ní àwòrán. Ní ọdún 1937, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún, a pàtẹ àwọn àwòrán ọ̀dà olómi tí ó yà ní ìpínlẹ̀ Maine sí ilé ìtàwòrán Macbeth ní ìlú New York, gbogbo wọn pátá ni a sì rà tán. Ẹlòmíràn ìbá ti gbà pé ọwọ́ òun ti tẹ ohun tí òun ń wá, kí ó sì jókòó ti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ayé. Òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yíjú sí irú ọ̀dà àtijọ́ kan tí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ yá, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ bí a ti ń ṣe é, nítorí ohun èlò rẹ̀ kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa.

A ó fọ́ ẹyin adìyẹ, a ó ya funfun inú rẹ̀ sọ́tọ̀, a ó bu omi díẹ̀ mọ́ pupa inú rẹ̀, a ó sì fi po ẹ̀lọ̀ àwọ̀ tí ó kúnná bí àtíkè. Pátákó tí a ti fi nǹkan funfun kùn ní àkùntúnkùn ni a ó máa yà á sí. Ọ̀dà yìí a máa tètè gbẹ. Kò ṣeé pa pọ̀ lórí pátákó bí ọ̀dà tí a fi òróró pò. Nítorí náà ẹni tí ó ń lò ó ní láti máa fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín fa ìlà kéékèèké, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, ọ̀kan lórí èkejì. Bí aláró ti ń rẹ aṣọ sínú ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, àní títí di ìgbà púpọ̀, kí ó tó di ẹ̀tù, bẹ́ẹ̀ gan-an ni Wyeth ṣe ń kó àwọ̀ lé àwọ̀ lórí títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi máa ti inú pátákó náà yọ sí wa. Peter Hurd, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà. Àwòrán kan ṣoṣo lè gbà á ní oṣù púpọ̀.

Ohun kejì tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé kì í rin ìrìn-àjò kiri ayé láti wá ohun tí yóò yà. Ibi méjì péré ni ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ yà: ní ìgbà òtútù, Chadds Ford tí a gbé bí i, ní ìgbà ooru, àgbègbè Cushing ní etí òkun Maine. Òun a máa dá rìn lórí àwọn òkè àti pápá ibẹ̀, òun a máa wo bí oòrùn ti ń ṣe sí ara ògiri, sí ara yìnyín, sí ara garawa tí ẹnìkan gbé sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kò fi rí bí tiwa. Ilẹ̀ Yorùbá wà láàárín ìwọ̀n 6 sí 9 ní apá àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà oòrùn a máa gòkè lọ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lé wa ní àtàrí, òjìji ènìyàn a sì súnkì sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Cushing wà ní ìwọ̀n 44. Níbẹ̀, oòrùn kì í dé àtàrí láéláé, àní ní ìgbà ooru pàápàá. Ẹ̀gbẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú koríko, ewé kọ̀ọ̀kan a sì ní òjìji tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kí ó jáde ní kùtùkùtù tàbí nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá koríko dọ́gba.

Ẹ má ṣe rò pé ọkùnrin tí ó ń wo koríko àti ògiri kò ní ìbànújẹ́ tí ó ń gbé kiri. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1945, rélùwéè kọlu ọkọ̀ baba rẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti la ojú irin kọjá nítòsí Chadds Ford. Baba kú, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kékeré tí ó wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ náà sì kú. Andrew kò tí ì ya àwòrán baba rẹ̀ rí. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó ya àwòrán tí ó sọ ní Winter 1946, èyí ni Ìgbà Òtútù 1946. Ọmọdékùnrin kan ni ó ń sáré sọ̀kalẹ̀ lórí òkè tí koríko rẹ̀ ti gbẹ, tí òjìji rẹ̀ sì ń bá a sáré. Ìhà kejì òkè náà ni ikú ti pa baba rẹ̀. A kò rí rélùwéè níbẹ̀, a kò rí pósí, a kò rí ẹni tí ó ń sunkún. Òkè ni a rí, àti ìmọ́lẹ̀ aláìlágbára ìgbà òtútù lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti sin òbí rí yóò mọ̀ pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ní Cushing, ilé kan wà tí ó wà lórí òkè, ilé onípákó àtijọ́ tí òjò àti afẹ́fẹ́ òkun ti fọ ọ̀dà rẹ̀ dànù. Obìnrin kan tí a ń pè ní Christina Olson àti Alvaro àbúrò rẹ̀ ni ó ń gbé ibẹ̀. Betsy James, ọmọbìnrin tí Wyeth fẹ́ ní ọdún 1940, ni ó kọ́kọ́ mú un lọ síbẹ̀ ní ọdún 1939. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa lo yàrá òkè ilé wọn fún iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí ooru mú, ó ṣí fèrèsé yàrá kan tí ẹnikẹ́ni kò ti lò láti ìgbà pípẹ́. Afẹ́fẹ́ ti òkun wá, ó gbé aṣọ fèrèsé tí ó ti gbó sókè. Lára ìṣẹ́jú kan yìí ni ó ti rí àwòrán Wind from the Sea, Afẹ́fẹ́ láti Òkun, ti ọdún 1947.

Christina kò lè rìn. Àìsàn kan ti ń jẹ iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà èwe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wí pé àrùn rọpárọsẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ní ọdún 2016 oníṣègùn kan tí ó yẹ ìtàn rẹ̀ wò wí pé ó dà bí àrùn mìíràn tí a ń bí mọ́ ènìyàn. Ohun yòówù kí ó jẹ́, obìnrin yìí kọ̀ láti jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́. Ibi tí ó bá fẹ́ lọ, ọwọ́ ni ó fi ń wọ́ ara rẹ̀ lọ, nínú ilé àti lórí pápá. Ní ìgbà ooru ọdún 1948, Wyeth ń wo ìta láti ojú fèrèsé, ó sì rí i lórí pápá bí ó ti ń wọ́ bọ̀. Láti inú ohun tí ó rí yìí ni Christina's World, Ayé Christina, ti jáde. Betsy ni ó sọ ọ́ ní orúkọ bẹ́ẹ̀. Ilé Museum of Modern Art ní New York rà á ní 1,800 dọ́là, ibẹ̀ ni ó sì wà di òní.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún ẹni tí kò rí i rí. Pátákó náà kò tóbi: kò gùn ju mítà kan àti díẹ̀ lọ ní ìbú. Koríko gbígbẹ ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, koríko tí a fà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka irun orí. Obìnrin kan tí ó wọ aṣọ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ti ṣá wà nílẹ̀ láàárín koríko náà, ó kẹ̀yìn sí wa, ó fi apá méjèèjì gbé ara rẹ̀ ró, ó sì kọjú sí ilé kan tí ó jìnnà réré lókè. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀ bí kò ṣe àwọn ilé àgbẹ̀ àti ojú ọ̀run tí ó rẹ̀ bí ti ìgbà ọyẹ́. Ojú oòrùn kò hàn, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà lára gbogbo nǹkan, ó wà ní èjìká obìnrin náà, ó wà ní orí koríko kọ̀ọ̀kan, kò sì ṣe ojúsàájú sí èyíkéyìí nínú wọn.

Mo ti sọ pé mo fẹ́ràn irú iṣẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n n kò ì sọ ìdí tí àwòrán yìí fi wọ̀ mí lára. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tí mo tẹ̀ lé lẹ́yìn, kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú un. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi ọwọ́ rìn. Nígbà tí ó tó ọjọ́ orí ilé-ìwé, ilé-ìwé kan kọ̀ láti gbà á, wọ́n ní àwọn kò ní ẹni tí yóò máa gbé e wọlé gbé e jáde. Ìwé tí mo bá kọ́ ní ọ̀sán ni mo fi ń kọ́ ọ ní alẹ́ lábẹ́ fìtílà, bẹ́ẹ̀ ni àwa méjèèjì ṣe mọ̀wé. Nígbà tí ó dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ó sì ń fi ẹ̀rọ aláfọwọ́yí ránṣọ fún ìdajì obìnrin àdúgbò wa. Àwọn baba wa kìlọ̀ pé a kì í ka ọmọ ẹsẹ̀ oníka-mẹ́sàn-án lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú mi rí ọ̀nà méjì tí àwọn ènìyàn gbà ń ka ti ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn kan a máa sọ owó sí i lẹ́sẹ̀ láìtọrọ. Àwọn mìíràn a máa gbé ojú kúrò lára rẹ̀ kíá, bí ẹni pé ọ̀nà tí ó wà níbẹ̀ ti di òfìfo. Àwọn olówó àti àwọn agbójúkúrò, kò sí ẹni tí ó wò ó nínú wọn.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan fi ìwé àwòrán Wyeth ránṣẹ́ sí mi láti Amẹ́ríkà, mo gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ Sátidé kan. Mo ṣí ojú ewé náà, n kò sì sọ nǹkan kan. Ó dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

“Aṣọ yìí ti wà nínú oòrùn tipẹ́,” ni ohun tí ó kọ́kọ́ wí, bí aránṣọ yóò ti wí. Ó fi ìka tọ́ apá obìnrin náà. “Wo bí ìgúnpá rẹ̀ ti rí. Apá yìí ni ó ń ṣiṣẹ́ ẹsẹ̀.” Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó tún fi ìka rẹ̀ rin gba inú koríko lọ sí òkè, ó sì dá a dúró níbi kan tí èmi kò fiyè sí, bí mo tilẹ̀ ti wo àwòrán náà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko: níbi tí koríko gíga ti parí, tí èyí tí a ti gé mọ́lẹ̀ yí ilé ká. “Bí ó bá ti dé ibí,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, “yóò yá a. Koríko gíga ni ó ń dá ènìyàn dúró. Ó mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni ó ń wò.”

Mo bi í pé, “Ṣé kò bà yín nínú jẹ́?”

Ó wò mí bí ẹ̀gbọ́n ti ń wo àbúrò. “Èwo ni ìbànújẹ́ níbẹ̀, Tíṣà? Ó ń lọ sí ilé rẹ̀. Ilẹ̀ kò tí ì ṣú. Ẹni tí ó ya èyí ti jókòó sórí koríko rí. Kò dúró lókè kí ó máa wò ó nílẹ̀.”

Nígbà náà ni mo sọ ohun kan tí ó ti ń yọ mí lẹ́nu fún un. Ẹni ọdún 55 ni Christina ní ọdún 1948. Ọwọ́ àti apá tí ó wà nínú àwòrán jẹ́ tirẹ̀, nítorí Wyeth wo tirẹ̀ yà; ṣùgbọ́n fún ìyókù ara, Betsy aya rẹ̀, ẹni ọdún 26, ni ó jókòó kí ó lè yà á. Ó tún mú ilé náà jìnnà ju bí ó ti wà lọ. Ṣé ẹni tí ó ṣe irú èyí ṣì lè wí pé òtítọ́ ni òun ń yà? Èmi gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n ya ohun tí wọ́n rí, mo fẹ́ mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. “Ilé jìnnà sí ẹni tí ó ń fi ọwọ́ rìn ju bí ó ti jìnnà sí ìwọ lọ,” ni ó wí. “Ní ti ọjọ́ orí, nínú ara mi lọ́hùn-ún, èmi náà kò ju ọmọ ogún ọdún lọ.” Ó sì padà sí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, nítorí aṣọ ìgbéyàwó kan wà tí ó gbọ́dọ̀ parí ní ọjọ́ náà.

Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ẹni tí ó ń ya ohun tí ojú rí kì í ṣe ẹ̀rọ ayàwòrán. Ẹ̀rọ a máa gba ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ayàwòrán bí ti Wyeth a máa kó oṣù mẹ́fà ìwòye jọ sí ojú kan. Ó wo koríko ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ó wo obìnrin náà ní ọjọ́ púpọ̀, ó jẹun nínú ilé rẹ̀. Ohun tí ó sì kù lẹ́yìn gbogbo ìwòye yìí ni ó yà. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn gan-an, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ayàwòrán New York ti kẹ̀yìn sí yíya ohun tí ojú rí. Jackson Pollock ń da ọ̀dà sórí aṣọ tí ó tẹ́ sílẹ̀, òkìkí rẹ̀ sì ń kàn. Àwọn onílàákàyè kan wí pé iṣẹ́ Wyeth ti di ti ayé àtijọ́. Kò bá wọn jà. Ó padà sí orí òkè rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ títí ó fi kú ní oṣù Kìíní ọdún 2009, ní ẹni ọdún 91.

Bóyá ẹnìkan nínú ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi yóò wí pé, “Kí ni ti àwa nínú èyí? Iṣẹ́ òyìnbó ni.” Ẹ jẹ́ kí a rántí Ifẹ̀. Àwọn orí tí a fi idẹ rọ, èyí tí a wú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938, ti pẹ́ ní ọ̀rúndún púpọ̀, síbẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, ètè wọn àti ìpéǹpéjú wọn rí gẹ́gẹ́ bí ti ènìyàn alààyè. Ẹni tí ó rọ wọ́n ti wo ojú ènìyàn pẹ́. Ẹ jẹ́ kí a tún rántí Aina Onabolu, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1882. Ní ọdún 1906, nígbà tí àwọn òyìnbó kan gbà pé ọwọ́ aláwọ̀ dúdú kò lè ṣe irú rẹ̀, ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage ní Èkó, ojú obìnrin náà sì hàn kedere nínú rẹ̀. Ní ọdún 1920 ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sí i ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ó sì padà, ó ń ti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí ohun tí ó jìnnà ti ń kéré sí i lójú. Iṣẹ́ wíwò kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Àwa ni a ń sọ ọ́ di àlejò nígbà tí a bá fi ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀kọ́ sé àwọn ọmọ mọ́, tí a sì ní kí wọ́n da àwòrán ilé olórùlé yìnyín kọ láti inú ìwé.

Nítorí náà ni mo ṣe máa ń kó kíláàsì mi jáde ní ọjọ́ Jímọ̀, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ọ̀sán, kí wọ́n jókòó sí pápá ìṣeré kí wọ́n sì ya ohun tí ó wà níwájú wọn. N kò ní ọ̀dà ẹlẹ́yin fún wọn. Pẹ́ńsùlù àti ìwé ni, àti ẹfun, osùn àti èédú fún ẹni tí ó bá fẹ́ àwọ̀. Ní ọdún tí ó kọjá, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan wọ kíláàsì náà, tí àìsàn ti pa ẹsẹ̀ rẹ̀, tí òun náà ń fi ọwọ́ rìn. Nígbà tí Jímọ̀ àkọ́kọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, olùkọ́ kan tí ó ní àánú dámọ̀ràn pé kí a fi í sílẹ̀ nínú yàrá pẹ̀lú ìwé ìtàn alárà-ń-barà kan, kí koríko má baà ya á lọ́wọ́. Òmíràn ní kí ọmọkùnrin méjì gbé e. Mo mú ọ̀rọ̀ náà tọ ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ó ní, “Ẹ bi ọmọ náà. Bí ó bá ní òun yóò lọ, ẹ má gbé e. Ẹ lọ ṣáájú, kí ẹ sì dúró dè é.”

A bi í. Ó ní òun yóò lọ. A lọ ṣáájú, a sì dúró dè é. Ọmọ ọgbọ̀n kò rọrùn láti mú dúró, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n máa wo bí òjìji igi ti ń rìn lórí ilẹ̀ títí ẹlẹgbẹ́ wọn yóò fi dé, wọ́n sì rí i pé òjìji ń rìn ní tòótọ́. Nígbà tí mo gba ìwé wọn ní ìparí, gbogbo wọn ni ó ya ilé-ìwé gàdàgbà sí àárín, pẹ̀lú oòrùn ní igun bí àwo. Ìwé ọmọbìnrin yìí nìkan ni ó yàtọ̀. Koríko ni ó kún un láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó fà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan; ilé-ìwé wà lókè téńté, ó kéré bí páálí ìṣáná. Kò rí àwòrán Wyeth rí. Ó ya ibi tí ó gbà wá.

Mo gbé ìwé náà kọ́ sí ògiri, n kò sì fi àmì kankan sí i tí yóò wí pé ta ni ó yà á. Àwọn ọmọ yòókù dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ń bi ara wọn léèrè pé níbo ni èyí. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé pápá tiwa ni, mẹ́rin nínú wọn jáde lọ ní àkókò ìsinmi, wọ́n sì dojú bolẹ̀ nínú koríko kí wọ́n lè rí i.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ilé àwọn Olson ṣì dúró lórí òkè rẹ̀ ní Cushing. Alvaro kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1967, Christina sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kìíní ọdún 1968. Itòsí ilé náà ni ibojì wọn wà, ibẹ̀ pẹ̀lú ni a sin Wyeth sí. A kò lè kó àwọn ọmọ wa lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn agogo mẹ́rin ọ̀sán wà ní àgbàlá gbogbo ilé-ìwé tí ó wà ní ilẹ̀ yìí, kò sì sí ìgbìmọ̀ tí a ó kọ̀wé sí kí a tó lò ó. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ má fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú yàrá, ẹ bi wọ́n pé irú àwọ̀ wo ni òjìji ní, kí ẹ sì ní sùúrù títí wọn yóò fi lọ wò ó kí wọ́n tó dáhùn.